Alábòójútó Tuntun Láàárín Àwọn Àgbà Iṣẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èmi obìnrin ṣe alábòójútó ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá, ní ìlú Ìbàdàn. Púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ló jù mí lọ; ọ̀kan nínú wọn gan-an ló kọ́ mi níṣẹ́. Ẹni tó ni iṣẹ́ ní kí n máa gé owó oṣù ẹni tó bá pẹ́ dé àti ti ẹni tó bá ba iṣẹ́ jẹ́. Mo fẹ́ jẹ́ ọ̀gá rere, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí wọ́n fojú ọmọdé wò mí. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire ipò tuntun. Ọ̀rọ̀ owó oṣù ni kí a kọ́kọ́ yanjú, nítorí pé òun ló lè sọ yín di ọ̀tá gbogbo ilé iṣẹ́. Ìpín karùn-ún nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti gé owó òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn, kódà bí òṣìṣẹ́ náà bá ti bá a ṣe àdéhùn rẹ̀. Bí ẹnìkan bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ fa àdánù, a lè gé iye tó bá ọgbọ́n mu, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé fọwọ́ sí i ná. Ẹ lọ ṣàlàyé èyí fún ẹni tó ni iṣẹ́ kí òpin oṣù tó dé. Ẹ kúnlẹ̀ bí ó bá yẹ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Ní tèmi, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bàjẹ́ ni a ń mọ ọ̀gá rere. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìwé ètò ìsìnkú ti jáde tán, tí wọ́n ṣi orúkọ olóògbé kọ, tí àwọn ẹbí sì ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá tó bá nawọ́ sí ọmọ iṣẹ́ níwájú wọn ti gba ara rẹ̀ là fún ọjọ́ yẹn nìkan, nítorí pé láti ọ̀la lọ ni àwọn yòókù yóò ti máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ títí tí bébà yóò fi ṣòfò tán. Ẹ gba ẹ̀bi níwájú oníbàárà, lẹ́yìn náà kí ẹ pe ẹni tó ṣe é sí kọ̀rọ̀, kí ẹ bi í bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ lè wá rí i pé kò sí ẹni tí a yàn láti ka iṣẹ́ náà kí ó tó gun orí ẹ̀rọ, ẹ̀yin lẹ sì yẹ kí ẹ ti yàn án.

Ní ti ẹni tó ń pẹ́ dé, ẹ bi í ní ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń wọkọ̀ wá láti Mọníyà lè máa wọlé lẹ́yìn àwọn yòókù, kí ó sì kẹ́yìn wọn lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ìwé ìkìlọ̀ ló tọ́ sí ọ̀lẹ.

Ẹ má ṣe torí ipò dẹ́kun kíkí àwọn àgbà bí ẹ ti ń kí wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìkíni kò ní kí ẹ má pín iṣẹ́ fún wọn. Ẹni tó kọ́ yín níṣẹ́ ni kí ẹ lọ bá kí iṣẹ́ àárọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ní, “Bàbá, iṣẹ́ báyìí wà nílẹ̀, ta ni ẹ rò pé ó yẹ kó mú un?” Bí ìmọ̀ràn wọn bá dára, ẹ sọ ọ́ sétí gbogbo ènìyàn pé àwọn ló mú un wá, bí ẹ bá sì yan ọ̀nà mìíràn, ẹ kọ́kọ́ sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn nìkan.