Èsì: Ṣé olórí obìnrin ló ń fa àyípadà?
Ẹ ṣé o. Ẹ béèrè bí olùwádìí ṣe lè mọ̀ bóyá olórí obìnrin ló yí iṣẹ́ ìjọba padà, àbí ìlú tó ti fẹ́ àyípadà tẹ́lẹ̀ ló yan obìnrin. Ní Íńdíà, òfin ọdún 1993 ya ìdá kan nínú mẹ́ta ipò olórí ìgbìmọ̀ abúlé sọ́tọ̀ fún obìnrin, kì í sì í ṣe abúlé ló ń pinnu bóyá yóò kan òun. Nítorí náà, olùwádìí lè fi abúlé tó kàn wé èyí tí kò kàn. Ìwádìí Chattopadhyay àti Duflo, tó jáde ní 2004, wá fi hàn pé ní ìpínlẹ̀ West Bengal àti Rajasthan, àwọn olórí obìnrin náwó sórí omi mímu ju ọkùnrin lọ. Ìwé ìbéèrè tó kàn ń bi òṣìṣẹ́ bóyá ọ̀gá obìnrin láàánú jù kò lè fi hàn pé olórí obìnrin ló fa àyípadà.