Kí Ló Dé Tí David Busst Kò Lè Padà Sórí Pápá?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń jiyàn lórí David Busst, agbábọ́ọ̀lù ọwọ́ ẹ̀yìn Coventry City tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ní Old Trafford, pápá Manchester United. Ẹ̀gbọ́n mi ní kíkán tí ẹsẹ̀ náà kán ló lé e kúrò nídìí bọ́ọ̀lù. Mo wá bi í pé báwo ni Djibril Cissé, agbábọ́ọ̀lù Liverpool nígbà kan, ṣe padà, ẹni tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ kán lẹ́ẹ̀mejì? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i. Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀gbọ́n yín kò jẹ̀bi pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sún mọ́ òótọ́ jù.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ọdún Àjíǹde ni, 8 oṣù Kẹrin ọdún 1996. Coventry, tí wọ́n ń làkàkà kí wọ́n má baà já sí ìpele ìsàlẹ̀, gba kọ́nà kí eré tó pé ìṣẹ́jú 2. Peter Schmeichel, aṣọ́lé United, ta bọ́ọ̀lù náà dànù, Busst sì sáré tẹ̀ lé e láti gbá a wọlé, ibẹ̀ ni òun àti Denis Irwin pẹ̀lú Brian McClair, àwọn agbábọ́ọ̀lù United, ti kọlu ara wọn. (Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣọ́ ẹ̀yìn, iwájú ilé ẹlòmíràn ló ti fara pa.) Egungun méjèèjì tó wà ní ojúgun rẹ̀ kán, wọ́n sì gún awọ jáde. Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ní jàǹbá. Wọ́n dá eré dúró kí wọ́n lè fi omi àti iyanrìn pa ẹ̀jẹ̀ orí koríko rẹ́, Schmeichel fúnra rẹ̀ sì nílò ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ ìtùnú lẹ́yìn náà, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Bí ó bá jẹ́ pé egungun nìkan ni, ó ṣeé ṣe kí a máa sọ ìtàn mìíràn lónìí, nítorí egungun tí wọ́n bá tò dáadáa a máa so padà. Ohun tó ba ti Busst jẹ́ ni kòkòrò àrùn tó wọ ojú ọgbẹ́ náà nígbà tó wà lórí ìtọ́jú, irú èyí tí ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò kì í ràn, tó sì ba ẹran àti iṣan ẹsẹ̀ náà jẹ́ débi pé ẹ̀rù ń ba àwọn dókítà pé wọ́n lè ní láti gé e. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un lé ní 20. Ẹsẹ̀ náà kò kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò máa fò sókè bá atamátàsé du bọ́ọ̀lù, tí yóò sì máa yí padà lójijì, kò lè fi irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹun.

Ẹ wá fi ti Cissé wé e. Oṣù Kẹwàá ọdún 2004 ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ kán ní Blackburn. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún ọdún 2005, ó ti wà ní Istanbul, níbi àṣekágbá Champions League, tó ń gbá pẹnáritì wọlé fún Liverpool. Ẹni tí ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti bàjẹ́ bíi ti Busst kò lè yára bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ kejì tún kán ní ọdún 2006, ó tún padà.

Níbí ni a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan há a fún àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò. Àwọn tó ń to eegun nílẹ̀ wa mọṣẹ́ lórí egungun tó kán lábẹ́ awọ, a kò bá wọn du ìyẹn. Ṣùgbọ́n egungun tó bá ti gún awọ jáde, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé onítọ̀hún lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹnìkan lè ní ìgbà tí Busst wà lọ́wọ́ àwọn dókítà náà ni kòkòrò fi wọ ọgbẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, àwọn dókítà náà ni kò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọ̀hún lọ.

Oṣù Kọkànlá ọdún 1996 ni Busst kéde pé òun ti fẹ̀yìn tì, ó ṣì jẹ́ ẹni ọdún 29. Eré líìgì 50 péré ló gbá fún Coventry, nítorí kò tètè di agbábọ́ọ̀lù agbowó-oṣù. Ọdún 1992 ni wọ́n tó mú un wá láti Moor Green, ẹgbẹ́ kékeré kan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997, Manchester United wá bá wọn gbá eré ìdágbére fún un ní Highfield Road, pápá Coventry nígbà náà, ó sì parí sí 2–2. Eric Cantona ló jẹ góólù méjèèjì ti United, kò sì tún wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà, nítorí lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni òun náà kéde ìfẹ̀yìntì. Busst ní tirẹ̀ kò fi Coventry sílẹ̀. Ẹ̀ka tó ń bójú tó àwọn ọmọdé àti àwọn ará ìlú ló gbà á síṣẹ́, níbi tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún.