Ṣé ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì Hershey ló ni ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín Hershey Bears?

Rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà ni méjèèjì ti ṣẹ̀ wá. Milton Hershey, olówó ṣokoléètì tó tẹ ìlú Hershey dó ní Pennsylvania, fi ohun ìní sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláìní. Ohun ìní yẹn ló ni Hershey Entertainment & Resorts, òun ló sì ni ẹgbẹ́ náà.

Ọdún 1932 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Hershey B'ars ni wọ́n ń jẹ́ nígbà náà, bíi "bar" ṣokoléètì. Ó jọ ìpolówó ọjà jù, wọ́n sì yí i padà sí Bears ní 1936. Wọ́n wọ AHL, líìgì họ́kì tó tẹ̀lé NHL (líìgì họ́kì tó ga jù ní Àríwá Amẹ́ríkà) gan-an, ní 1938, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ títí dòní. Kò sí ẹgbẹ́ tó pẹ́ tó wọn níbẹ̀.

Wọ́n ti gba Calder Cup, ife AHL, nígbà 13, ti 2023 àti 2024 sì tẹ̀ léra. Láti 2005, Washington Capitals, ẹgbẹ́ kan nínú NHL, ni wọ́n ń tọ́ eléré họ́kì fún.

Èyí tó wù mí jù ni ọjọ́ tí àwọn olólùfẹ́ wọn máa ń ju ọmọláńgidi béárì sórí yìnyín tí Hershey bá ti jẹ góòlù àkọ́kọ́. Ní January 2025, 102,343 ni wọ́n kó jọ, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ni wọ́n sì ń kó wọn fún.