Ṣé CLEP lè jẹ́ kí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ ní E-2?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston là ń gbé. Ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí high school, Army ló sì fẹ́ wọ̀. Ó ti yege nínú méje lára ìdánwò CLEP, ìyẹn ìdánwò College Board tí wọ́n fi ń gba credit kọ́lẹ́ẹ̀jì láìjókòó sí kíláàsì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kò ní bẹ̀rẹ̀ láti E-1 (ipò owó oṣù tó kéré jù lọ nínú Army), ṣùgbọ́n recruiter ní ìwé èsì náà ò wúlò fún òun. Ta ni ká gbà gbọ́? (Ìyá ọlọ́mọ)

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Òótọ́ ni recruiter sọ, àmọ́ kò sọ ọ́ délẹ̀. Ìwé èsì tí College Board ń fúnni ń fi hàn pé ọmọ yege, kì í ṣe pé ó ní credit. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ní ìfọwọ́sí ló ń sọ ọ́ di credit, ìgbà tó bá sì ti hàn lórí transcript kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni Army tó lè kà á.

Nítorí náà, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Kí ọmọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kí College Board fi èsì ránṣẹ́ síbẹ̀ tààrà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi registrar wọn léèrè pé: ìgbà wo gan-an ni CLEP máa hàn lórí transcript? Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀ sí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn wà tó ń gba CLEP lóòótọ́, síbẹ̀ wọn ò ní kọ ọ́ sílẹ̀ àfi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ́kọ́ parí kíláàsì lọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ basic training kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Charter Oak, Excelsior àti Thomas Edison lókìkí fún gbígba credit ìdánwò, àmọ́ ẹ bi àwọn náà.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Semester hours 24 (ìyẹn credit 24) ni Army ń béèrè fún E-2, 48 fún E-3. Ẹni tó bá ní bachelor's lè bẹ̀rẹ̀ ní E-4. Tó bá jẹ́ quarter hours ni iléèwé ń lò, 36 ló dọ́gba pẹ̀lú 24. Credit 3 ni ọ̀pọ̀ ìdánwò CLEP, College Composition sì jẹ́ 6 nínú àbá ACE (àjọ tó ń dábàá fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì iye credit tó yẹ ìdánwò kọ̀ọ̀kan). Tí Composition bá wà nínú méje ọmọ yín, tí mẹ́fà yòókù sì jẹ́ 3-3, 24 géérégé nìyẹn, kò lé ẹyọ kan. Tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá wá fún Composition ní 3 péré, 21 ló kù, E-1 náà ni yóò sì bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni tó bá jẹ́ máàkì 48 ló gbà nínú College Algebra, nítorí 50 ni ACE dá lábàá, kò sì lè tún un ṣe títí oṣù mẹ́ta á fi pé. Ohun tí mo máa gbà yín nímọ̀ràn ni pé kó fi ìdánwò kan tàbí méjì kún un, kí ọkàn yín balẹ̀.

Ṣé ó ṣe dual credit (kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọmọ high school ń ṣe) ní high school? Ní Texas, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe é, credit yẹn sì ti wà lórí transcript community college. Ẹ jẹ́ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tuntun gbà á mọ́ tirẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ wà lójú kan. Àmọ́ tó bá ti ṣe English níbẹ̀, wọn ò ní ka Composition ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Transcript náà gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wá tààrà. Èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde nílé kò tó. Kó tètè dé kí ọmọ tó lọ fọwọ́ sí ìwé ní MEPS (ibi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn tó fẹ́ wọṣẹ́ ológun wò, tí wọ́n sì ti ń búra). Tó bá dé ibẹ̀, kó wo ibi tí wọ́n kọ pay grade (E-1, E-2 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ) sí nínú DD Form 4, ìyẹn ìwé àdéhùn ìwọṣẹ́ ológun, dáadáa. Bó bá jẹ́ E-1 ni wọ́n kọ síbẹ̀, kó má tíì fọwọ́ sí i, kó má sì tíì búra, kó pe counselor kí wọ́n tún un ṣe. Ìlérí ẹnu recruiter kò lè dípò ohun tó wà nínú ìwé yẹn.