Aláró ni mí, mo sì fẹ́ ṣiṣẹ́ tíátà ní Leeds: ibo ni kí n gbà wọlé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ ìyá mi ní Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí kí a tó rẹ ẹ́ láró, mo sì bá ẹgbẹ́ eléré kan rìn kí n tó tẹ̀lé ọkọ mi wá sí Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Físà òṣìṣẹ́ ló ní, èmi wà lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé aṣọ mi lọ han àwọn onítíátà kan. Wọ́n yìn ín títí, àmọ́ kò sẹ́ni tó pè mí padà. Ṣé kí n kúkú máa ta aṣọ, àbí kí n wá iṣẹ́ tíátà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ má yà wọ́n sọ́tọ̀. Ilé ìtàgé ńlá máa ń ní ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ òṣèré, tí wọ́n ń rẹ ẹ́ láró, tí wọ́n sì ń sọ aṣọ tuntun di ògbólógbòó. Leeds Playhouse tó ń ṣe eré orí ìtàgé, Opera North tó ń ṣe eré olórin, àti Northern Ballet tó ń ṣe eré oníjó wà nítòsí yín níbẹ̀. Àwọn aránṣọ wọn ni kí ẹ lọ bá.

Ẹwà nìkan lẹ fi hàn wọ́n. Ohun tí olórí aránṣọ ń rò ni pé òógùn á mu aṣọ yìí lálaalẹ́: ṣé aró rẹ̀ ò ní ràn mọ́ ọrùn òṣèré, tàbí mọ́ aṣọ funfun ẹni tó dì mọ́ ọn? Ẹ fi àkísà funfun tó tutù nu àdìrẹ yín dáadáa. Bí búlúù bá hàn lára àkísà, iṣẹ́ ò tíì parí. Aró elú kì í wọnú òwú dénú, ara rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́. Ọtí kíkan tí àwọn kan ń dà sí i ò lè mú un dúró. Kí ẹ rì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin nínú aró tí kò ki, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i láàárín, sàn ju kí ẹ rì í lẹ́ẹ̀kan nínú èyí tó ki. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣàn án títí omi yóò fi mọ́.

Ọ̀rọ̀ ojú náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn gbọ̀ngàn ò lè rí iṣẹ́ wẹ́wẹ́ ara àwòrán àdìrẹ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn, aṣọ búlúù lásán ni yóò rí. Ẹ yan àwòrán kan ṣoṣo, kí ẹ sọ ọ́ di ńlá. Ẹ gbé ìyẹ́ adìẹ tí ẹ fi ń ya àwòrán sílẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ kọ ẹ̀kọ náà. Bó bá jẹ́ aṣọ ìkélé, wọ́n á fẹ́ fi oògùn tí kì í jẹ́ kí iná tètè mú un sí i. Oògùn yẹn lè yí àwọ̀ aró padà, torí náà ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ègé kékeré. Nígbà tí ẹ bá tún lọ, ẹ gbé àkísà yẹn dání pẹ̀lú aṣọ tí ẹ ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Èmi ì bá kọ́kọ́ lọ sí Chapeltown, àdúgbò kan ní Leeds, ná. Láti 1967 ni Leeds West Indian Carnival, àjọ̀dún ijó àti aṣọ àwọn ará Karibíà níbẹ̀, ti wà. Arthur France, tó wá láti erékùṣù Nevis ní Karibíà, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe aṣọ rẹ̀ mọ bí aṣọ ṣe ń bá ara jó. Ẹni tó ti rí agọ̀ eégún lójú agbo á tètè yé wọn.

Ní ti físà, ẹni tó wà lábẹ́ físà òṣìṣẹ́ lè gba iṣẹ́, ó sì lè dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Bí owó tó wọlé láti inú iṣẹ́ àdáni bá ju £1,000 lọ láàárín ọdún owó orí kan, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, àjọ tó ń gba owó orí. Arts Council England, àjọ tó ń fi owó ran iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́, ní owó ìrànwọ́ kan, Developing Your Creative Practice, tó lè tó £12,000. Àkókò láti kọ́ nǹkan tuntun àti láti dán iṣẹ́ wò ló wà fún. Ẹ má kọ̀wé béèrè rẹ̀ bí owó ọjà.

Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè jù ni ìwé àdéhùn. Wọ́n lè ya àwòrán àdìrẹ yín, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sórí pọliẹ́sítà fún eré mìíràn. Kí aṣọ tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀: eré mélòó ló wà fún, ṣé wọ́n lè tẹ àwòrán rẹ̀, àti pé orúkọ yín á wà nínú ìwé ètò eré náà. Ẹ béèrè owó iṣẹ́ tó yẹ lọ́wọ́ BECTU, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn ìtàgé, kí ẹ tó dárúkọ iye.