Kí ló dé tí àwọn èdè kọ̀ǹpútà kan fi lókìkí ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ?

Kì í ṣe pé èyí tó lókìkí ló dáa jù o. Ibi tó ti ráyè àti ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló sábà máa ń gbé e ga. Ẹ wo JavaScript, nǹkan bí ọjọ́ 10 péré ni Brendan Eich fi kọ àkọ́kọ́ ẹ̀ ní Netscape, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bùráúsà tí wọ́n fi ń wo wẹ́ẹ̀bù, lọ́dún 1995, àléébù ẹ̀ pọ̀, àmọ́ òun ni gbogbo bùráúsà wá gbà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí bọ́tìnì orí wẹ́ẹ̀bù yín dáhùn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ò lè sá fún un. Python ti wà láti 1991, kò yára rárá, ṣùgbọ́n àwọn onísáyẹ́ǹsì ti kó irinṣẹ́ bíi NumPy tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò jọ fún un, nígbà tí ariwo AI fi máa dé, gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀. Kotlin ní tiẹ̀, ìgbà tí Google fọwọ́ sí i fún Android lọ́dún 2017 lojú gbogbo èèyàn tó yí sí i. Èyí tó máa ń dùn mí ni èdè D tí Walter Bright gbé jáde lọ́dún 2001, iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá tó gbé e bí ọmọ tiẹ̀, èdè Go sì dé lọ́dún 2009 pẹ̀lú Google lẹ́yìn ẹ̀.