Ṣé omi nìkan ló ń jáde lára gáàsì tó bá jó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjinníà. Mo ra jẹnẹrétọ̀ kan tó ń lo gáàsì ìdáná. Ẹni tó tà á fún mi ní irú gáàsì kan náà ni wọ́n ń lò nílé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tó wà ní Geregu, ní ìpínlẹ̀ Kogi, pé omi nìkan ló ń jáde lára rẹ̀, torí náà mo lè tàn án ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́ kí olè má bàa gbé e. Ṣé òótọ́ ni? Òǹkàwé kan, Ọ̀fà.

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ má ṣe tàn án ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àní lálẹ́ òní pàápàá. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023 ni irú ìbéèrè yìí ti ń ya dé ọ̀dọ̀ mi, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ tí wọn kò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, gáàsì méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Propane àti butane ló wà nínú sílíńdà yín. Methane ló pọ̀ jù nínú èyí tó ń gba inú páìpù láti Oben, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, lọ sí Geregu. Níbẹ̀, ẹ̀rọ ńlá á fa afẹ́fẹ́ wọlé, á fún un pọ̀, wọn á fi gáàsì sí i, wọn á dáná sun ún. Atẹ́gùn gbígbóná tó ń tú jáde ni yóò máa ti tọ́báìnì, ẹ̀rọ tó ní abẹ́ bíi ti fáànù, yí, ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí tọ́báìnì á sì máa yí ẹ̀rọ amúnáwá. Iná rẹ̀ ń dàpọ̀ mọ́ ti Jebba àti Kainji, níbi tí omi ti ń mú iná wá, lórí wáyà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Kwara má rò pé iná omi nìkan lòun ń lò.

Ẹ jẹ́ ká wá kojú irọ́ yẹn gan-an. Omi ń jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Carbon àti hydrogen ló para pọ̀ di methane, bẹ́ẹ̀ náà ni propane àti butane inú sílíńdà yín. Bó bá jó, hydrogen rẹ̀ á so mọ́ oxygen inú afẹ́fẹ́, á di omi. Carbon rẹ̀ á so mọ́ oxygen bákan náà, á di carbon dioxide. Kílò methane 1 tó bá jó tán ń mú kílò carbon dioxide 2.75 wá, ó ju ohun tí a sun lọ nítorí pé oxygen tí a fà látinú afẹ́fẹ́ ti bá a wọ orí ìwọ̀n. Carbon dioxide yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ooru iná náà tún ń mú nitrogen inú afẹ́fẹ́ so mọ́ oxygen, ohun tó ń tibẹ̀ jáde sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Gáàsì sàn ju èédú tí wọ́n ń wà nílẹ̀ lọ, nítorí pé carbon dioxide rẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì ti èédú fún iye iná kan náà, àmọ́ pé ó dín kù kò túmọ̀ sí pé kò sí.

Èyí tó kàn yín jù ni carbon monoxide, èyí tí iná ń mú wá nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá tó o. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fún tọ́báìnì ńlá ju èyí tí gáàsì rẹ̀ nílò lọ fíìfíì, débi pé nǹkan bí 15 nínú 100 ohun tó ń jáde ṣì jẹ́ oxygen, ihò èéfín rẹ̀ sì ga. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ti bẹntiróòlù tí wọ́n yí padà sí ti gáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Carbon monoxide á gba ipò oxygen nínú ẹ̀jẹ̀ láìsí èéfín dúdú kankan. Ẹyín iná inú àdògán kì í rú èéfín, síbẹ̀ a mọ ohun tó ń ṣe fún àwọn tó ń gbé e wọ yàrá nígbà ọyẹ́.

N kò rí ẹ̀rọ yín, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e síta gbangba, kó jìnnà tó mítà 6, ó kéré tán, sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, tiyín àti ti aládùúgbò. Bó bá jẹ́ olè lẹ ń bẹ̀rù, ẹ ní kí wẹ́ẹ́dà bá yín ṣe àgò irin tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí ẹ fi ṣéènì dè é. Bí orí bá ń fọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé, tàbí tí èébì ń gbé e, nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, kí gbogbo yín kọ́kọ́ jáde ná, kí ẹ sì gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn.